Irọ́ Tí Mo Pa Kí A Tó Lọ sí Wádì Lájàb

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nígbà tí mo dé Mẹ́kà láti wá kàwé kì í ṣe ooru. Wọ́n ti sọ̀rọ̀ ooru fún mi tó kí n tó kúrò nílé. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé omi kì í ṣàn níbẹ̀. Ọkọ̀ ńlá ló ń gbé e wá. Àwọn ará ibẹ̀ ń pe ọkọ̀ náà ní wáyétì. Tí ó bá dé àdúgbò wa ní Kúdáì, awakọ̀ á na rọ́bà gígùn sínú àmù ńlá tó wà lábẹ́ ilé, omi á sì máa rọ́ wọlé títí yóò fi kún. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń wòran. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Ní ìlú wa, èèyàn kì í dúró wo omi. Omi ló ń wo èèyàn.

Ìyàlẹ́nu kejì tẹ̀ lé e láìpẹ́. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo ti ń kọ́ Lárúbáwá nílé Àáfà kan ní Ìwó, mo sì rò pé kò sí ohun tí ará Mẹ́kà lè sọ tí kò ní yé mi. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní bàkálà, mo sì béèrè búrẹ́dì àti ẹyin. Mo fi gbogbo òfin gírámà sí i, mo gbé ìró ìparí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan síbi tó yẹ. Ọkùnrin tó ń tajà wò mí, ó ké sí ẹnì kejì rẹ̀ pé kó wá gbọ́. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ó ní bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n ni mo ṣe ń béèrè ẹyin. Ó fi èso dàbínù kan sí mi lọ́wọ́, ó sì sọ mí ní Ìròyìn láti ọjọ́ náà. Tí mo bá ń kọjá, á pariwo pé, “Ìròyìn, kí ló ṣẹlẹ̀ lónìí?” Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìfẹ́ ni.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń nira jù. Màá kírun láàárín ogunlọ́gọ̀ èèyàn, èjìká mi á kan èjìká ará Indonéṣíà lápá ọ̀tún, á kan ti ará Mòrókò lápá òsì, ọkàn mi á kún. Ṣùgbọ́n tí a bá ti sálámà tán, kálukú á mú bàtà rẹ̀, èmi náà á mú tèmi, kò sì ní sí ẹnì kan tó mọ orúkọ mi láti ibẹ̀ títí dé Kúdáì. Èèyàn lè wà ní ìlú tí gbogbo ayé ń fi omijé tọrọ pé kí àwọn dé, kó sì máa wá ẹni tí yóò bi í bóyá ó ti jẹun.

Iṣẹ́ ló yọ mí. Tí àkókò Hájì bá dé, mo máa ń bá àwọn tó ń gba àlejò ṣiṣẹ́ ní ibùdó Hájì ní pápákọ̀ òfuurufú Jẹ́dà, lábẹ́ òrùlé funfun gíga tó dà bí àgọ́. Iṣẹ́ mi ni kí n pàdé àwọn ará ilé, kí n kó wọn jọ, kí n mú wọn dé inú bọ́ọ̀sì tó ń lọ Mẹ́kà. Lọ́dún àkọ́kọ́, Àlàájà kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó di ọwọ́ mi mú láti ẹnu ọ̀nà, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́.

Mo ní, “Àlàájà, ẹ jẹ́ kí n ka àwọn yòókù.”

Ó ní, “Fi ọwọ́ kejì kà wọ́n.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kà wọ́n. Nígbà tí a dé Mẹ́kà, ó wo ojú mi dáadáa, ó ní, “O ti rù jù. Ta ní ń se oúnjẹ fún ọ?” Mo kọjú sí ibòmíràn kí ó má bàa rí ohun tó wà lójú mi.

Níbi iṣẹ́ yẹn ni mo ti pàdé Fàrúùkù, awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Káráńtínà ní gúúsù Jẹ́dà ni wọ́n bí i sí, níbi tí àwa ará Áfíríkà pọ̀ sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Lárúbáwá ló fi ń dáhùn. Tí a bá jókòó, èmi á máa sọ tèmi, òun á máa sọ tirẹ̀, ẹni tó bá ń kọjá á rò pé à ń jà. Ọ̀rẹ́ tí mo ní nìyẹn. Ọmọkùnrin gígùn, alérìn-ín, tó fẹ́ràn òkè àti àfonífojì ju bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù lọ. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ó máa ń kó èèyàn lọ rìn ní ibi tí ọ̀nà ọkọ̀ kò dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí àwọn arìnrìn-àjò ti padà sílé tí iṣẹ́ ti dẹwọ́, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Nínú àwòrán náà, ògiri òkúta méjì dúró kojú ara wọn. Wọ́n ga ju òpó ìpèrun mọ́sálásí lọ. Àárín wọn há tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé ẹni tó bá na apá méjèèjì á fọwọ́ kàn wọ́n. Ewé tútù rọ̀ wálẹ̀ lára wọn. Nísàlẹ̀, omi ń ṣàn.

Mo bi í pé, “Ṣé Sáúdì níbí lèyí?”

Ó ní, “Wádì Lájàb. Àfonífojì kan ní ìhà Jísáànì ni, ní gúúsù, ó kù díẹ̀ kó kan Yẹ́mẹ̀n. Inú omi la ó ti rìn, láti ẹnu rẹ̀ títí dé ibi tó pin sí. Ibì kan á kan kókósẹ̀, ibì kan á kan àyà. Ibì kan wà tí ẹsẹ̀ kì í kan ilẹ̀ rárá.” Ó gbójú sókè. “O mọ ìlúwẹ̀ẹ́, àbí?”

Mo ní, “Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbá mi léjìká, ọ̀rọ̀ parí.

Òótọ́ ni mo sọ, irọ́ sì ni. Apẹja ni bàbá mi. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi àti àbúrò mi ti mọ ọ̀sà kí wọ́n tó mọ ọ̀nà ọjà. Èmi nìkan ni Bàbá fà lé Àáfà lọ́wọ́ ní Ìwó, níbi tí omi tó jìn jù lọ tí mo mọ̀ kò ju garawa àlùwàlá lọ. Tí mo bá wálé nígbà Iléyá, gbogbo wọn á sáré lọ sétí ọ̀sà, wọ́n á bọ́ra, wọ́n á bẹ́ sínú omi gbàmù. Èmi á jókòó sórí yanrìn. Èmi ni wọ́n máa ń fi ṣọ́ aṣọ. Wọn kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó ṣeé ṣe kí ó sàn ká ní wọ́n fi mí ṣẹ̀sín. Wọ́n á kàn sọ pé, “Àáfà wa, ẹ bá wa mójú tó aṣọ o.” Báyìí ni mo ṣe di ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí kò mọ omi, mo sì gbé e pamọ́ sínú ara mi títí mo fi di ọkùnrin.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, Fàrúùkù fi orúkọ àwọn tí ń lọ ránṣẹ́ sí wa. Méjìlá ni wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi, ó kọ ọ́ pé èmi àti ẹnì kan ni yóò dúró nínú omi níbi tó jìn, láti ran àwọn tí kò mọ ìlúwẹ̀ẹ́ lọ́wọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Orúkọ tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ni ti Ìdírísù, ọmọ Ìlọrin tí a jọ ń gbé yàrá kan náà ní Kúdáì, tó wà ní ọdún kejì nílé ẹ̀kọ́ wa. Ó wọlé, inú rẹ̀ ń dùn.

“Ẹ̀gbọ́n, mo ti fi orúkọ mi sílẹ̀ o. Mi ò mọ omi rárá, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ti wà níbẹ̀, ẹ̀rù ò bà mí.”

Mo ní, “Ó dáa.” Kí ni ǹ bá tún sọ?

Mo bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ bí ẹni tí kò ní ẹ̀bi lọ́rùn. Mo ra bàtà onírọ́bà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń di òkúta mú. Mo ra àpò tí omi kì í wọ̀, mo kó ìwé ìròyìn àtijọ́ sínú rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ rì sínú garawa láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ìwé náà gbẹ. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn irun Àsùbáà, èmi àti Ìdírísù á gun àtẹ̀gùn ilé wa láti ìsàlẹ̀ dé òkè nígbà mẹ́wàá kí orókún wa lè le. Àwọn ọmọ aládùúgbò máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n á máa kà á fún wa ní Lárúbáwá, tí a bá ṣì í kà wọ́n á ní kí a padà sísàlẹ̀. Ohun gbogbo tí a lè fi ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ni mo ṣe. Ṣùgbọ́n bàtà kì í lúwẹ̀ẹ́ fún èèyàn.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Àlàájì Kàmórù ní Káráńtínà. Ará Ìkòròdú ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó wá ṣe Hájì nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, kò sì padà sílé mọ́. Kò ní ìkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú, nítorí náà kì í rìn jìnnà. Ó ń bá àwọn apẹja tún àwọ̀n ṣe. Mo bá a níbi tó jókòó sí lẹ́bàá ògiri, tí àwọ̀n bò ó lẹ́sẹ̀ bí aṣọ ìbora.

Nígbà tí mo sọ ohun tí mo bá wá, ó bi mí pé, “Ọmọ ibo?”

“Ẹ̀pẹ́ ni, sà.”

Ó gbé abẹ́rẹ́ àwọ̀n sílẹ̀. “Ọmọ Ẹ̀pẹ́ wá bá ará Ìkòròdú pé kó kọ́ òun ní ìlúwẹ̀ẹ́.” Ó wo òkè ọ̀run. “Olúwa, O ṣeun tí O jẹ́ kí ó ṣojú mi.”

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí mo bá ti kúrò ní kíláàsì, mo máa ń wọ ọkọ̀ akérò lọ bá a ní Jẹ́dà, a ó sì rìn lọ sí etíkun kan ní gúúsù tí èrò kì í pọ̀ sí. Lọ́jọ́ kìíní, kò jẹ́ kí n ṣe ohunkóhun ju kí n dúró nínú omi tó kan ìbàdí mi lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n tẹ ojú mi bọ̀ ọ́. Mo mu iyọ̀ tó tó fi se ọbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀yìn mi, ó ní kí n sùn sórí omi. Mo gbá a lápá mú.

Ó ní, “O ń gbá omi mú bí ẹni mú olè. Wọn kì í mú omi. Ṣí ọwọ́ rẹ.”

“Àlàájì, màá rì.”

“O ò ní rì. Mo ti wà nílùú yìí láìní ìwé láti ìgbà tí ìwọ ṣì ń rákòrò. Tí ohun kan bá máa ri èèyàn, èmi ni ì bá ti rì. Ṣí ọwọ́ rẹ, mo ní.”

Mo ṣí ọwọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ mi, mo léfòó. Bó bá ti yọ ọ́ pẹ́rẹ́, mo di òkúta. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

Mo ní kó bá wa lọ sí Jísáànì. Ó mi orí, ó rọra rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ibí dé ibẹ̀, ibi àyẹ̀wò ìwé pọ̀ ju igi ẹ̀bá ọ̀nà lọ. Ó ní òun kò tíì rí odò tó ń ṣàn láti ọjọ́ tí òun ti kúrò nílé. Lẹ́yìn náà ó ní kí n padà sínú omi, ilẹ̀ ti fẹ́ máa ṣú.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo pe bàbá mi.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, ó yẹ kí n sọ bí Bàbá ṣe ń ṣe lórí fóònù. Á bi mí pé, “Ṣé ara le?” Màá ní ó le. “Ṣé ẹ̀kọ́ ń lọ?” Màá ní ó ń lọ. “Alhamdulillah. Màmá rẹ rè é.” Kò tó ìṣẹ́jú kan. Gbogbo ọdún tí mo ti lò lókè òkun, bó ṣe ń rí nìyẹn. Lọ́jọ́ yìí, mo ní kó má tíì gbé fóònù fún Màmá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: àwòrán yẹn, irọ́ tí mo pa, orúkọ mi lórí ìwé, ọwọ́ Àlàájì Kàmórù lábẹ́ ẹ̀yìn mi. Mo ń retí kó bínú.

Mo ń gbọ́ ariwo ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tó ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Èmi ni mo mú ọ kúrò lórí omi.”

“Bàbá, mi ò ní kí ẹ…”

“Jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo fẹ́ kí ẹyọ kan nínú àwọn ọmọ mi wà tí kò ní máa wojú ẹja kó tó jẹun. Mo wo gbogbo yín, ìwọ lo máa ń tètè gbọ́ nǹkan. Mo fún ọ ní ìwé. Mi ò mọ̀ pé mo gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ. Nígbà Iléyá, tí o bá jókòó ti aṣọ wọn, mo máa ń wò ọ́ láti inú ọkọ̀. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.”

Mo rò pé kò sẹ́ni tó rí mi.

Ó wúkọ́. Ó ní, “Ṣé ẹní wà ní yàrá yẹn?”

“Ó wà.”

“Tẹ́ ẹ. Dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀, kí o gbé fóònù sẹ́bàá etí.”

Báyìí ni bàbá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi ní ìlúwẹ̀ẹ́ láti Ẹ̀pẹ́, nígbà tí mo nà gbalaja lórí ẹní ní Kúdáì. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn irun Àlàásárì ló ń pè. Ó ní kí n fi èémí kún àyà mi, kí n má tú u jáde tán láé, kí n máa fi díẹ̀ pamọ́ bí ẹni tó fi owó sílé. Ó ní orí ló ń wúwo jù lára èèyàn. “Ẹni tó bá ń gbórí sókè láti wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa ń rì. Fi orí rẹ sílẹ̀ fún omi. Etí rẹ gbọ́dọ̀ wọnú omi, kí o má gbọ́ ariwo ẹnikẹ́ni mọ́.” Ó ní kí n ju ọwọ́, mo ju ọwọ́. Ó ní kí n ta ẹsẹ̀, mo ta á mọ́ ògiri. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ tó ìṣẹ́jú kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi nípa ìjì, nípa ìṣàn omi, nípa ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ kú sínú ọ̀sà ní ọmọ ogún ọdún. A jọ pinnu pé Màmá kò gbọ́dọ̀ gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Àlàájì Kàmórù yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹ̀yìn mi, èmi kò sì mọ̀. Etí mi wà nínú omi. Ìgbà tí mo yí ojú, mo rí i tó dúró sí ọ̀ọ́kán, tó ká ọwọ́ méjèèjì lérí, tó ń rẹ́rìn-ín gan-an. Mo pariwo, mo gbé omi mì, mo sì dìde dúró. Omi náà kò kọjá àyà mi. Mo dì mọ́ ọn. A jọ tutù rin.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo ti lè lúwẹ̀ẹ́ díẹ̀, bíi kí èèyàn ju ọwọ́ ní ìgbà mẹ́wàá kó tó sinmi. Ìgbà náà gan-an ni ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé irọ́ náà ti di òótọ́, pé kò sí ohun tí mo tún fẹ́ jẹ́wọ́ mọ́. Ǹ bá ti gbà á gbọ́ tí kì í bá ṣe ti ìyá Ìdírísù.

Ó pe ọmọ rẹ̀ láti Ìlọrin lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, Ìdírísù sì sọ ọ̀rọ̀ ìrìn náà fún un. Mo gbọ́ tí ohùn obìnrin náà gbọ̀n. Ìdírísù ní, “Màmá, ẹ má bẹ̀rù, ẹ̀gbọ́n mi ọmọ Ẹ̀pẹ́ wà níbẹ̀.” Ó bá na fóònù sí mi. Ìyá náà kò pẹ́ ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní, “Ọmọ mi, mi ò rí ọ rí. Òun nìkan ni mo bí. Mo fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́, mo wá fi í lé ìwọ náà lọ́wọ́.”

Mo ní àmín. Mo dá fóònù padà.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá Fàrúùkù ní Jẹ́dà, níbi tó ti ń fọ bọ́ọ̀sì rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un láìjókòó. Ó pa omi. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Mo fi ọ́ sínú omi tó jìn. Mo fi ẹ̀mí èèyàn lé ọ lọ́wọ́. O mọ̀, o sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún?”

“Ojú ló tì mí.”

“Ká ní ẹnì kan kú, ṣé ojú náà ni màá gbé fún ìyá rẹ̀?”

Ó yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tí ń lọ níṣojú mi, ó sì padà sídìí bọ́ọ̀sì rẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ padà sí Mẹ́kà. Ìrìn wákàtí kan lásán ni, ṣùgbọ́n n kò mọ ọ̀nà tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ń rò pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi pa ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní nílùú yìí.

Ìdírísù ló kù. Mo dúró dè é títí ó fi ti kíláàsì dé, mo sì jẹ́wọ́ fún òun náà. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ti mọ̀.”

“Báwo lo ṣe mọ̀?”

“Mo wọlé lọ́jọ́ kan, mo bá yín lórí ẹní, ẹ ń ju ọwọ́, ẹ ń ta ẹsẹ̀ mọ́ ògiri, bàbá arúgbó kan ń pariwo nínú fóònù pé ‘Orí! Orí rẹ!’ Mo rọra ti ìlẹ̀kùn.” Ó ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. “Mo rò ó. Mo ní ẹni tó ń kọ́ nǹkan báyìí kò ní fi ẹ̀mí mi ṣeré.”

“O mọ̀, o sì tún fi mí han ìyá rẹ?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ó ń sunkún. Kí ni ǹ bá sọ?”

Mo rí i pé a jọ jẹ́ ọ̀daràn kan náà.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá kí Fàrúùkù tó pè. Kò kí mi. Ó ní kí n wá sétíkun. Ó bá mi wọnú omi, ó ní kí n ṣe ohun tí mo mọ̀. Mo sùn sórí omi. Mo lúwẹ̀ẹ́ lọ, mo lúwẹ̀ẹ́ bọ̀. Ó dúró, ó ń wò mí bí olùkọ́ tó ń ṣàyẹ̀wò ìdánwò. Nígbà tí a jáde, ó ju ẹ̀wù pupa kan sí mi, irú èyí tó ń gbé èèyàn léfòó.

“O máa wọ èyí. Ẹ̀yìn ni o máa wà. O ò ní ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mo ti rí ẹlòmíràn.” Ó nu ojú rẹ̀. “Tó o bá tún parọ́ fún mi, kì í ṣe omi ló máa pa ọ́.”

Bó ṣe dárí jì mí nìyẹn.

Ọjọ́ tí a dá kò bọ́ sí i. Ìkùukùu ṣú sórí àwọn òkè Jísáànì, Fàrúùkù sì ní kò sẹ́ni tó ń lọ. Ó ṣàlàyé fún wa pé òjò lè máa rọ̀ níbi tó jìnnà tí àwa kò rí, kí àgbàrá sì ya wọ inú àfonífojì lójijì, láàárín ògiri méjì tí kò ní ibi àsálà. Wọ́n ń pè é ní séèlì. Àwọn kan ráhùn. Èmi kò ráhùn. A tún dúró ní ọ̀sẹ̀ kan, ojú ọ̀run mọ́, a sì gbéra.

A sùn ní Jísáànì, a sì dé ẹnu wádì náà ní àárọ̀. N kò lè ròyìn rẹ̀ tán. Ògiri òkúta náà gbà wá wọlé, oòrùn sì pòórá. Omi tútù gun ẹsẹ̀ wa, ó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ òkúta wẹ́wẹ́. Igi kékeré ta gbòǹgbò sínú ògiri lókè lọ́hùn-ún, ewé wọn ń kán omi sí wa lórí. Bí a ṣe ń wọlé sí i ni ọ̀nà ń há sí i, títí ọ̀run fi di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lókè orí wa. Kò sẹ́ni tó ń pariwo. Ìdírísù tó wà níwájú mi ń ka àdúà lẹ́nu, bàtà rẹ̀ ń dún pọ̀ṣọ̀pọ̀ṣọ̀.

Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí méjì, a dé ibi tí ẹsẹ̀ kì í kàn. Omi dúdú ni, ògiri sì dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, dídán bí abọ́. Fàrúùkù lúwẹ̀ẹ́ lọ sí òdìkejì, ó so okùn mọ́ òkúta. Ẹnì kọ̀ọ̀kan di okùn náà mú, wọ́n ń kọjá. Wọ́n fa Ìdírísù kọjá bí àpò ìrẹsì, ojú rẹ̀ wà ní dídì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó kù mí.

Mo wọlé. Òtútù náà gba èémí lẹ́nu mi. Mo di okùn mú, mo ń lọ díẹ̀díẹ̀, mo dé agbedeméjì. Okùn náà mì, ọwọ́ mi yọ̀. Mo na ọwọ́ sí ògiri, ògiri kò ní ibi ìdìmú. Ẹ̀wù pupa náà gbé mi dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í béèrè bóyá èèyàn wọ ẹ̀wù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lu omi, omi wọ imú mi, mo ń wá ẹsẹ̀ mi. Mo gbọ́ tí Fàrúùkù ń pariwo orúkọ mi. N kò gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e, nítorí mo fi orí mi sílẹ̀.

Etí mi wọnú omi. Gbogbo ariwo dúró. Mo fi èémí kún àyà mi, mo ṣí ọwọ́. Mo rí ọ̀run, ìlà búlúù kan láàárín òkúta méjì, ẹyẹ kan gba ibẹ̀ kọjá. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Nígbà tó ṣe, mo ta ẹsẹ̀, mo tún ta á, mo ju ọwọ́ sẹ́yìn. Orí mi gbá Fàrúùkù láyà.

Ó fà mí dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú. “O ò kú?”

“Mi ò kú. Mo ń sinmi ni.”

Ó bú sẹ́rìn-ín, gbogbo àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín, ògiri òkúta sì gbé ẹ̀rín náà lọ sókè.

Ibi tí wádì náà pin sí, a ṣe àlùwàlá fún irun Àìlà. Láti orí tó sọ̀rọ̀ omi ni ìwé òfin ẹ̀sìn wa gbogbo ti máa ń bẹ̀rẹ̀: omi òjò, omi òkun, omi kànga, omi tó ń ṣàn. Mo ti há orí náà sórí láti kékeré, mo ti ṣèdánwò nínú rẹ̀ ní Mẹ́kà. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ bọ ọwọ́ mi sínú omi tó ń ṣàn láti ìgbà tí mo ti dé ilẹ̀ yìí. Wọ́n ní èmi ni kí n ṣáájú irun, nítorí èmi ni mo kàwé jù. Mo dúró sórí òkúta pẹlẹbẹ kan, omi ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Láàárín èèyàn mọ́kànlá, gbogbo wọn mọ orúkọ mi.

Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú àfonífojì náà. Ìgbà tí a ti wakọ̀ kúrò níbẹ̀ dáadáa ni fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún láìdáwọ́ dúró. Bàbá ti pè títí, ó ti sú u. Mo ní kí Fàrúùkù jọ̀ọ́ dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo pè é. Kò jẹ́ kó dún tán kó tó gbé e.

“Ṣé o ti jáde?”

“Mo ti jáde, Bàbá.”

Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Mo gbọ́ tó kọjú sí ẹnì kan, tó ní, “Ó ti jáde.” Mo sì gbọ́ ohùn Màmá tó ń dúpẹ́ tó ń sunkún tó sì ń bú mi, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti sọ fún un. Wọ́n ní láti àárọ̀ ni àwọn méjèèjì ti jókòó sétí ọ̀sà.

Bàbá bi mí bí ibẹ̀ ṣe rí. Mo gbìyànjú láti ròyìn òkúta, òtútù, ọ̀run tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ó gbọ́ títí mo fi sọ tán.

Ó ní, “Omi tiwa fẹ̀. Kò ní ògiri. Tó o bá wálé ní ìsinmi, àárọ̀ ọjọ́ kejì la máa lọ. Èmi pẹ̀lú rẹ nìkan. Kí àwọn yòókù wá ṣọ́ aṣọ.”

Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Jísáànì, mo di fóònù mọ́ etí, ọkọ̀ ńláńlá ń kọjá lára mi. Fàrúùkù ń fọn fèrè.

Màmá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó ń lọ sórí omi kankan láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ jókòó jẹun nílé òun.